Ìlẹ̀kẹ̀ Dígí Ayé Àtijọ́: Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Odò Forcados

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí wà lára ọjà tó níyì jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí àwọn Potogí tó dé. Ọ̀nà méjì ló gbà dé ọwọ́ àwọn èèyàn wa: àwọn kan gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe àwọn kan.

Dígí ilẹ̀ Mùsùlùmí

Ní Síríà àti Íjíbítì, yanrìn àti eérú ewéko ilẹ̀ oníyọ̀ ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ di dígí. Eérú yìí ló ń mú kí yanrìn tètè yọ́. Láàrin ọdún 1250 sí 1400, lábẹ́ àwọn ọba Mamluk, wọ́n ń fi wúrà àti ọ̀dà aláwọ̀ kọ ẹsẹ Kùránì àti orúkọ ọlọ́lá sára àtùpà mọ́sálásí, wọ́n á sì dá a padà síná kí ọ̀dà náà lè mú.

Nínú gbogbo ohun èlò dígí, ìlẹ̀kẹ̀ ló rọrùn jù láti di sẹ́yìn ràkúnmí kọjá aṣálẹ̀ láìfọ́. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ní ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ní 1959 sí 1960, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 165,000 ló jáde, ti dígí àti ti òkúta.

Igbó Olókun

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú Igbó Olókun ní Ifẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé dígí òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Àyẹ̀wò ohun tó wà nínú dígí náà ló fi hàn pé èrò yìí kò tọ̀nà. Láìmù àti àlùmínà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti dígí ilẹ̀ Mùsùlùmí lọ. Ó jọ pé yanrìn ara òkúta agbègbè Ifẹ̀ ni wọ́n lò.

Awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó lé ní 800. Láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí kẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Bí èèyàn bá yí àfọ́kù kan padà, amọ̀ lásán ni ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n dígí aláwọ̀ búlúù tàbí ewé ló bo inú rẹ̀, ó ń dán. Oníṣẹ́ á fa dígí yíyọ́ gùn bí okùn tó níhò láàrin, á gé e wẹ́wẹ́, á sì tún fi iná mú kí etí rẹ̀ jọ̀lọ̀.

Irú dígí Ifẹ̀ yìí ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao àti Essouk ní Mali. Ó jọ pé ọ̀nà tí dígí ilẹ̀ Mùsùlùmí gbà sọ̀ kalẹ̀ náà ni ti Ifẹ̀ gbà gòkè lọ.

Etí odò Warri

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, awakọ̀ òkun Potogí, kọ ọ́ pé àwọn Potogí ń ra ẹrú, aṣọ òwú, awọ ẹkùn, epo pupa àti ohun búlúù onílà pupa kan tó ń jẹ́ “coris” ní odò Forcados, tó wà lẹ́bàá Warri lónìí. Wọ́n á kó àwọn ọjà yìí lọ sí Elmina ní Gánà, wọ́n á sì fi wọ́n gba wúrà. Àkókò yẹn gan-an ni ìjọba Itsẹkírì ní Warri, tí ìtàn ní Ginuwa ọmọ ọba Benin dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1480, ń fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Awuyewuye ò tíì tán lórí “coris” yìí, tí wọ́n tún ń pè ní akórì. Àwọn kan ní sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ dígí búlúù Ifẹ̀, ni, àwọn mìíràn ní òkúta tàbí iyùn ni. Bó ti wù kó rí, iyùn ló borí lọ́rùn àwọn ọlọ́lá Itsẹkírì títí di òní.

Ohun tó kù

Ìlẹ̀kẹ̀ Yúróòpù ya wọ etí òkun, iná àwọn aládígí Ifẹ̀ sì kú nígbà tó yá. Ní Bida, àwọn Masagá, ẹgbẹ́ aládígí Nupe, ṣì ń yọ́ ìgò fífọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́.