Ilé Kékeré Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Ń Ṣí

Létí odò Odaw ni Odawna wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta Kwame Nkrumah Circle nílùú Accra. Ọjà ló gba àdúgbò náà kan. Bí èèyàn bá dúró níbẹ̀ tó kọjú sí òkun, James Fort tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ́dún 1673 àti Ussher Fort tí àwọn ará Netherlands ti bẹ̀rẹ̀ láti 1649 ló wà níwájú rẹ̀. Bó bá yà sọ́wọ́ òsì, yóò kan Osu, níbi tí Christiansborg, ilé olódi àwọn ará Denmark, ti kọjú sí omi. Bó bá tún tẹ̀ síwájú, yóò dé Teshie àti Nungua. Ní ìlú méjèèjì yìí ni àwọn káfíńtà ti ń fi pákó kọ́ ilé tí èèyàn lè nawọ́ kan òrùlé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sì kọ́ àwọn ilé olódi etíkun náà gan-an ní kékeré. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń bọ̀.

Àwọn tó ń ṣe eré ogun orí tábìlì mọ̀ ọ́n dáadáa lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ra ilé tí ilé iṣẹ́ ti gé sílẹ̀. Páálí, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fóòmù àti ike ni wọ́n fi ń kọ́ tiwọn láti ìpìlẹ̀. Ọmọ ogun tí wọ́n sábà ń lò ga tó mìlímítà 28, nítorí náà ilẹ̀kùn tí yóò gbà kọjá kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹni tó bá ya ilẹ̀kùn náà sára ògiri ti parí iṣẹ́. Ẹni tó bá ní àfi kó ṣí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún un ni: ó gbọ́dọ̀ tẹ́ pákó sílẹ̀, kó ṣe àtẹ̀gùn, kó gbé àga kalẹ̀, torí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn yóò yọjú wo inú. Ibẹ̀ ni ọwọ́ oníṣẹ́ ti ń hàn, lójú tèmi.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún òkú. Lọ́dún 1920, Herbert Winlock àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tú ibojì Meketre, ìjòyè ńlá kan ní Thebes ní Íjíbítì, nígbà tí wọ́n bá yàrá kékeré kan pàdé tí àwọn olè ayé àtijọ́ kò rí. Nǹkan bí 4,000 ọdún ni ohun inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀: ilé búrẹ́dì, ilé ọtí, àká ọkà, ìsọ̀ káfíńtà, gbogbo rẹ̀ ní kékeré, tòun tàwọn òṣìṣẹ́ onígi nínú wọn. Èyí tó wù mí jù ni ọgbà kan tí adágún wà láàárín igi rẹ̀. Bàbà ni ẹni tó ṣe é fi tẹ́ inú adágún náà, kí omi gidi lè dúró sí i. Ó sì mọ̀ pé wọn yóò dí ibojì yẹn, pé kò sí alààyè tí yóò tún wo adágún náà mọ́. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Ilẹ̀ Yorùbá ní tirẹ̀. Ilé orí tí àwọn baba wa ń ṣe, awọ ni, ó ṣóńṣó lókè, owó ẹyọ sì bò ó látòkè délẹ̀. Ìbọrí, àmì orí inú olówó rẹ̀, ló ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń dé e, bí ẹni ń ṣí òrùlé. Wọn kò pè é ní àpò tàbí igbá. Ilé ni wọ́n pè é.

Eré ogun gba ọ̀nà mìíràn wá. Lọ́dún 1812, Georg von Reisswitz gbé tábìlì kan wá fún Friedrich Wilhelm III, ọba Prussia. Àwọn wóró ilẹ̀ kéékèèké ló wà lórí rẹ̀, tí òkè, odò àti abúlé hàn lára wọn, tí èèyàn lè tún tò bó ṣe wù ú. Àwọn ọ̀gá ológun ló ń fi irú eré yìí kọ́ ìjà. Ní 1913, òǹkọ̀wé H. G. Wells gbé ìwé *Little Wars* jáde fún ará ilé lásán. Ìbọn ńlá onísípíríǹgì ni tirẹ̀, igi kékeré ló sì ń yìn lu àwọn ọmọ ogun òjé. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí ilé wà fún ni kí ọmọ ogun sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Eré *Dungeons & Dragons* tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974 ló mú ọmọ ogun náà wọlé: òṣèré ń sọ pé òun fẹ́ ti ilẹ̀kùn yẹn, òun fẹ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Eré ogun Warhammer tẹ̀ lé e ní 1983, láti ọwọ́ Games Workshop ti ìlú London. Ní sáà yẹn, àwọn tó ń ṣe eré náà a máa fi ike lọ́fíndà abíyá tó ti tán ṣe ọkọ̀ ogun.

Ohun méjì ló wá rọ iṣẹ́ náà lọ́rùn. Àkọ́kọ́ ni òòfà alágbára tí wọ́n ṣàwárí ní 1984, tí èyí tó kéré ju èékánná lọ lè di òrùlé mú, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ ṣí i láìlo ínjì. Èkejì ni iná kéékèèké tí kì í gbóná. Shuji Nakamura ló ṣe iná aláwọ̀ ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ gan-an ní 1993, látinú rẹ̀ ni wọ́n sì ti rí iná funfun. Kó tó dìgbà náà, gílóòbù kékeré ni wọ́n ń fi sínú ilé páálí, a sì máa gbóná, a sì máa jó tán. Báyìí, bátìrì kékeré kan tó rí bí owó kọ́ìn ti tó láti tan iná yàrá mélòó kan lálẹ́ eré.

Òòfà yẹn kan náà wà nínú dísíìkì kọ̀ǹpútà. Ní ìsàlẹ̀ odò Odaw, kò jìnnà sí Odawna, Agbogbloshie wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń tú kọ̀ǹpútà, prìńtà àti rédíò tó ti bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba tó wó àtìtàn irin náà ní July 2021. Èèyàn ń wo eruku àti èéfín ibẹ̀, ó ń gbàgbé ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó mọ ibi tí mọ́tò kékeré wà nínú prìńtà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láìfọ́, ó ti mọ ìdajì ohun tí yóò fi gbé afárá ilé olódi sókè.

Ní Teshie, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Seth Kane Kwei. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìyá rẹ̀ àgbà fẹ́ràn kó máa wo ọkọ̀ òfuurufú tó ń fò kọjá, kò sì wọ ọ̀kan rí. Nígbà tó kú, ní nǹkan bí 1951, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan pósí onírìísí ọkọ̀ òfuurufú fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ataa Oko ti ìlú La náà ti ń ṣe pósí aláwòrán ní sáà 1940. Ṣáájú wọn, àwọn ọba Ga ti ń jókòó sínú àga ìgbérù tí wọ́n gbẹ́ bí ẹranko tàbí èso. Àwọn Ga ń pe pósí wọ̀nyí ní *abebuu adekai*, àpótí òwe. Apẹja a gba ẹja, àgbẹ̀ a gba kòkó, onílé a gba ilé pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀. Àwọn káfíńtà a máa fi ọgbọ́n fi ojú ibi tí ìdérí ti pàdé àpótí pamọ́ sínú ìrísí rẹ̀, sí ẹsẹ̀ òrùlé tàbí ìlà ikùn ẹja, kí ojú má tètè rí i.

Abẹ́ Kane Kwei ni Paa Joe, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Joseph Tetteh Ashong, ti kọ́ṣẹ́. Ó dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nungua ní 1976. Ní 2004, Claude Simard, oníṣẹ́ ọnà kan láti Kánádà, bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tó yàtọ̀: kó kọ́ àwọn ilé olódi etíkun Gánà ní kékeré, 13 lápapọ̀. Igi emele àti ọ̀dà ẹnámẹ́ẹ̀lì ló fi ṣe wọ́n. Cape Coast wà níbẹ̀, Christiansborg wà níbẹ̀, Gross-Friedrichsburg tí àwọn ará Jámánì kọ́ ní Princestown náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Inú àwọn ilé yẹn ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa sí kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀, ẹni tó sì bá gba ẹnu ọ̀nà ìgbẹ̀yìn kọjá kò ní padà. Ẹni tí ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ kíkan pósí fún ẹni tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ló kọ́ wọ́n, fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kan pósí fún.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé olódi náà kan Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ James Fort, àwọn òṣìṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti Allada, ní ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Wọ́n tẹ̀dó sẹ́bàá rẹ̀, àdúgbò wọn sì ń jẹ́ Alata títí dòní. Látibẹ̀ ni orúkọ náà ti tàn dé ara ẹni tó bá ti apá ìlà oòrùn wá, títí kan àwa Yorùbá. Ọṣẹ dúdú wa gan-an, *alata samina* ni wọ́n ń pè é ní Gánà.

Méje nínú àwọn ilé olódi Paa Joe wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé American Folk Art Museum ní New York ní November 2018. Ní ìparí February 2020, wọ́n dé High Museum of Art ní Atlanta, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ ń gbé. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n débẹ̀ tí àrùn kòrónà fi ti ilẹ̀kùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà pa, tí àwọn ilé onígi náà sì wà nínú ibẹ̀, láìsí ẹni tó lè wọlé wá wò wọ́n.