Oyè Èdè Àtayébáyé ní Ilẹ̀ Íńdíà

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Íńdíà dá oyè tuntun kan sílẹ̀, oyè tí ó jẹ́ pé èdè ni yóò máa jẹ ẹ́, kì í ṣe ènìyàn. Oyè èdè àtayébáyé ni wọ́n pè é; Tamil ni ó sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Òfin oyè náà ni pé kí àwọn ìwé èdè bẹ́ẹ̀ ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún ó kéré tán, kí lítíréṣọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí ó yá lọ́wọ́ èdè mìíràn. Ní 2005 tí Sanskrit náà jẹ oyè, ẹgbẹ̀rún ọdún yẹn di 1,500 sí 2,000.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí òfin ó tó dé. Olùkọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kumbakonam ní gúúsù Íńdíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ U. V. Swaminatha Iyer (1855–1942). Ewé igi kan tí ó jọ ọ̀pẹ ni àwọn ará ìgbàanì kọ ewì Tamil sí. Kòkòrò ń jẹ ewé náà, ó ń rún mọ́ ẹni tí ó bá ṣí i lọ́wọ́, àwọn onílé tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì máa dà á sódò. Olùkọ́ yìí ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń bẹ àwọn tí ó jogún ewé náà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dà á kọ. Bí ó bá rí ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta, a fi wọ́n wé ara wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ èyí tí ó tọ̀nà. Báyìí ni ó ṣe tẹ Civaka Cintamani jáde ní 1887, àti Purananuru ní 1894. Bí kò bá sí irú iṣẹ́ yìí, kí ni Tamil ìbá fi jẹ́rìí ọjọ́ orí rẹ̀ níwájú ìjọba?

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó sún ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe é. Ní 1965, nígbà tí ọjọ́ tí òfin dá fún Hindi láti di èdè ìjọba pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ Madras fárígá. Ẹ̀mí ṣòfò, àwọn kan tilẹ̀ dáná sun ara wọn. Ní 1967, ẹgbẹ́ òṣèlú DMK, tí ó ń jà fún Tamil, gba ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí wá bá àwọn mìíràn para pọ̀ ṣe ìjọba àpapọ̀ ní 2004, ọ̀rọ̀ oyè wà lára àdéhùn wọn.

Bí Tamil ti jẹ oyè tán ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà dìde. Telugu àti Kannada gbà á ní 2008, Malayalam ní 2013, Odia ní 2014. Agbẹjọ́rò kan pe ìjọba lẹ́jọ́ pé àwọn èdè wọ̀nyí kò dàgbà tó. Ilé-ẹjọ́ gíga Madras da ẹjọ́ náà nù ní 2016.

Ẹ̀bùn ọdọọdún fún àwọn ọ̀mọ̀wé àti ibùdó ìwádìí a máa bá oyè náà rìn. Ti Tamil wà ní Chennai, ìlú tí wọ́n ń pè ní Madras tẹ́lẹ̀. Owó ni ó dun àwọn ará gúúsù. Láàárín ọdún mẹ́ta tí ó parí sí 2020, ìjọba àpapọ̀ ná nǹkan bí mílíọ̀nù 6,438 rúpì lórí Sanskrit. Mílíọ̀nù 290 ni àwọn márùn-ún yòókù jọ pín. Bẹ́ẹ̀, ìkànìyàn 2011 rí ènìyàn 24,821 péré tí ó pe Sanskrit ní èdè abínibí wọn. Àwọn ti Tamil lé ní mílíọ̀nù 69. Àwọn alátìlẹ́yìn Sanskrit ní èsì: èdè tí kò ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà ni baba rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìdí fún ìyàtọ̀ tí ó ju ìlọ́po ogún lọ.

Ní 2024, ìjọba yọ òfin àìyálò kúrò, ó sì fi Marathi, Bengali, Assamese, Pali àti Prakrit jẹ oyè. Gbogbo wọn di 11.

Ilé ìkówèé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Madras ní 1943, ní ìrántí Swaminatha Iyer, ni àwọn ewé tí ó kó jọ wà. Ilé náà ti pé ọdún 61 nígbà tí Tamil jẹ oyè.