“House” àti “Home”: Bí A Ṣe Kó Àwọn Ará Èkó Lọ sí Sùúrùlérè

Kò sí ẹni tí ó jókòó ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí a kò bi léèrè rí pé kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “house” àti “home”. Ìdáhùn tí à ń há sórí ni pé “house” ni ògiri, òrùlé àti ìlẹ̀kùn, “home” sì ni ibi tí ẹ̀mí ẹni fara mọ́, níbi tí àwọn ènìyàn ẹni wà. A ó gba máàkì, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán ní ìlú Èkó. Láti ọdún 1955 ni a ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dán ìyàtọ̀ wọn wò, ibi tí a sì ti dán an wò ni Sùúrùlérè.

Kí a kọ́kọ́ yẹ èdè wò. Láyé àtijọ́, abúlé tàbí ibùdó ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “home”. Òun ni ó kù sí ìdí orúkọ ìlú bíi Birmingham àti Nottingham títí di òní. Nítorí náà, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni “home” ti ní ènìyàn púpọ̀ nínú, tí “house” sì jẹ́ ohun tí a kọ́ tí a sì lè wó. Àwọn Jámánì náà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn Faransé ní tiwọn kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá “home” mu rẹ́gí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé Faransé kò mọ ilé rẹ̀.

Ilé ni Yorùbá ń pe méjèèjì. Àwọn àgbà ní, “Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.” Ilé tí iná lè jó tí a sì lè tún kọ́ kí ó dára ju ti ìṣáájú lọ nìyí, “house” ni. Àwọn àgbà kan náà ní, “Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.” Kò sí ẹni tí ó ń wo ògiri sọ ọmọ lórúkọ. Ìran, ìṣe àti ipò àwọn ènìyàn ni ilé níhìn-ín. “Home” sì tún kéré sí i. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Bi ọmọ Èkó kan léèrè pé níbo ni ó ń gbé, ó lè dáhùn pé Mushin. Bi í pé níbo ni ilé wọn, yóò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. “Ilé tí mò ń gbé” yàtọ̀ sí “ilé wa”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbé oṣù mẹ́sàn-án nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọka, bí ìsinmi bá dé, ohun tí yóò wí ni pé, “Mò ń lọ sílé.”

Ìtàn náà nìyí. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ìjọba rí i pé àwọn ènìyàn há mọ́ ara wọn jù ní erékùṣù, pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, pé gọ́tà kò ṣàn. Ní 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí LEDB. Yaba wà lára ibi tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ pín ilẹ̀ rẹ̀ létòlétò, kí àwọn ará erékùṣù lè rí ibi ṣí lọ. Nígbà tí ó di 1955, tí òmìnira ti ń sún mọ́lé, wọ́n gbájú mọ́ nǹkan bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn erékùṣù. Wọ́n ní “slum” ni ibẹ̀. Wọn yóò ra ilẹ̀ náà, wọn yóò wó ilé, wọn yóò la títì, wọn yóò sì tún ilẹ̀ pín. Àwọn tí wọ́n bá lé kúrò yóò rí ilé háyà ní owó pọ́ọ́kú ní Sùúrùlérè. Ẹ kíyè sí i pé “slum” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ nípa ìran tàbí ìbátan. Ògiri, gọ́tà àti iye orí tí ó wà nínú yàrá ni ó ń wò. Òwe ilé ọba tí ó jó ni ìjọba dì mú. Wọn kò rántí èkejì.

Kí ni ó wà nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn? Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìjọba kò sì lè ní òun kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé-ẹjọ́ tiwọn ti dá a lẹ́jọ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n gbọ́ ní 1908 àti 1909, dá lórí ilé Olóyè Mabinuori tí ó kú ní 1874. Ilé-ẹjọ́ gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Àkọ́bí ni Dáwódù tí ń ṣe olórí. Bí ó bá kú, ọmọ tí ó tẹ̀ lé e ni yóò gba ipò, ìbáà ṣe obìnrin. Ọmọ ilé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dá nìkan tà á. Nígbà tí àwọn adájọ́ rí i pé “house” nìkan kò gbé ẹrù náà, tí “home” nìkan kò sì gbé e, wọ́n so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, wọ́n ń pè é ní “family house”.

Ohun tí LEDB san owó lé lórí ni ilẹ̀ àti ògiri. Owó ṣe é pín, wọ́n sì pín in. Àmọ́ bí a bá ti pín owó ilé ẹbí láàárín ogún ènìyàn, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ìpín tirẹ̀ lè kọ́ ilé. Ìjọba ṣèlérí pé àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ni yóò kọ́kọ́ ní àǹfààní láti ra ilẹ̀ padà, ṣùgbọ́n iye tí wọn yóò san ju iye tí wọ́n gbà lọ.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wá ṣe ìwádìí nípa ọ̀ràn yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó rí ni pé ilé Sùúrùlérè dára lójú: omi wà, ilé ìwẹ̀ wà, àyíká mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tọkọtaya àti ọmọ wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìyá àgbà tí ó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, àbúrò tí ó ń jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, gbogbo wọn fọ́n ká. Afárá Carter nìkan ni ó so erékùṣù pọ̀ mọ́ Ìddó nígbà náà. Owó mọ́tò ń jẹ èrè oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀sà, àbẹ̀wò láàárín ẹbí sì dínkù. Ẹni tí kò san owó ilé rí, nítorí pé ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé, di ayálégbé ní ọjọ́ ogbó.

Ọ̀rọ̀ tí ìjọba fi ń pe iṣẹ́ yìí ni “rehouse”. Òótọ́ ni wọ́n sọ: wọ́n fún ènìyàn ní “house” mìíràn. Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni pé Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní “rehome” pẹ̀lú, ajá àti ológbò tí kò ní olúwa ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó fún.

Ẹnìkan lè ní èdè ni ó fa gbogbo rẹ̀, pé òyìnbó kò gbọ́ ilé bí a ti ń pè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Bethnal Green, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba tiwọn kó àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilé titun ní Essex. Michael Young àti Peter Willmott, tí àwọn àti Marris jọ wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan náà, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1957: ìyá pínyà pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, aládùúgbò pínyà pẹ̀lú aládùúgbò. Àwọn wọ̀nyẹn ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì gbà wọ́n. Ohun tí ó pa ènìyàn lára ni pé òfin ní iye tí ó ń san fún “house”, kò sì ní kọ́bọ̀ fún “home”.

Kí a má ṣe ìrẹ́jẹ sí Sùúrùlérè. Inú àwọn tọkọtaya kan dùn láti bọ́ lọ́wọ́ ariwo àti àwíìgbọ́ àwọn ẹbí, wọn kò sì fi pamọ́. Àwọn ọmọ tí a bí níbẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ilé. LEDB fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ titun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1972. Lónìí, ọmọ Sùúrùlérè tí ó wà ní Mushin tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ní, “Ilé wa wà ní Sùúrùlérè.” Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìran kan gbáko ni èyí. Ìgbìmọ̀ lè kọ́ “house” láàárín ọdún kan; àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni ń sọ ọ́ di “home”, ó sì ń pẹ́.

Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni a ó ti rí agbẹjọ́rò, ayàwòrán-ilé àti òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́la. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó gbé ìwé kan síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí a lè wó àdúgbò kan. Iye ilé tí ó wà níbẹ̀ yóò wà nínú ìwé náà. Kí ẹ tó fi bírò kàn án, ẹ bèèrè pé ilé wo ni wọ́n kà: èyí tí iná lè jó ni, tàbí èyí tí à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ?