Láti Kúdẹtì dé Fourah Bay: Bí Ọmọ Ìbàdàn Ṣe Kọ́kọ́ Gboyè Lẹ́yìn Odi

Ìlú ajagun ni Ìbàdàn lọ́dún 1853, nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì, nísàlẹ̀ Òkè Màpó. Níbi tí ọkùnrin ti ń fi ogun jíjà lórúkọ, ìjòyè díẹ̀ ló yọ̀ǹda ọmọ fún wọn láti kàwé. Lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀wé lọ́dọ̀ wọn ni Josiah Akínyẹlé.

Ọmọ rẹ̀, Alexander Babátúndé, tí wọ́n bí lọ́dún 1875, ni ìtàn ìlú kà sí ọmọ Ìbàdàn àkọ́kọ́ tó gboyè yunifásítì. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló gbà lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ló lọ, ní Freetown, nílẹ̀ Sàró.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ lọ́dún 1827. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Lọ́dún 1876, wọ́n so ó mọ́ Yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gboyè Durham láìkúrò ní Áfíríkà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Láátìn àti Gíríìkì ń bẹ nínú ẹ̀kọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé méjèèjì, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni ọmọ Ìbàdàn fi ń ronú. Èdè àjèjì ló fi ń kọ́ èdè àjèjì.

Àmọ́ Akínyẹlé kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ilé tí bàbá ti mọ̀wé ló ti jáde. Ó ti kàwé ní Àrẹ̀mọ, n'Ìbàdàn, ó sì ti gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Freetown náà kò ṣàjèjì pátápátá: àwọn Akú, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, ti dilé mú níbẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tó padà wálé, ó dá Ìbàdàn Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1913. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba tó bá fẹ́ ìwé girama ní láti fi ìlú sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló tóbi jù nínú ohun tó mú ti àjò bọ̀: ìmúra tó ràn án lọ́wọ́, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ilé.

Lọ́dún 1948, yunifásítì fúnra rẹ̀ wá bá Ìbàdàn nílé. Ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń gbà, bí ti Fourah Bay àti Durham. Ọdún 1962 ló dá dúró. Akínyẹlé, tó ti di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn àkọ́kọ́ lọ́dún 1952, ṣì wà láyé nígbà náà. 1968 ló kú.