Ọ̀rọ̀ Ìkọ̀kọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Gbangba nínú Ìdúnàádúrà Ìlú sí Ìlú: Àdéhùn Àlàáfíà Ogun Kírìjí, 1886

Ìfáàrà

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ogun Kírìjí (1877–1893), ìbọn, akọni ológun àti ọwọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kó nínú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a máa ń gbọ́ nípa bí àwọn ìlú tó ń jagun ṣe ń ránṣẹ́ sí ara wọn nígbà tí ìbọn ṣì ń dún. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń gbé lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lónìí, nítorí pé ààlà, ilẹ̀ àti ibùdó àṣẹ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí nígbà náà, àwọn náà ni a kò sì tí ì jiyàn tán lé lórí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé bíbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ìlú kan sí èkejì kì í ṣe àléébù. Òun gan-an ló jẹ́ kí àdéhùn 1886 ṣeé ṣe. Àléébù wọlé níbi tí a ti pinnu ọ̀rọ̀ lórí àwọn ènìyàn tí kò fara mọ́ ọn.

Àrokò àti Ìlàrí

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàárín wa ni àwọn Yorùbá ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Àrokò ni èyí tó lókìkí jù. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ lè túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà àti fà bá ara wọn mu létí. Mẹ́jọ sì lè túmọ̀ sí pé èrò àwọn méjèèjì jọra. Ẹni tó gbé àrokò lè má mọ ohun tó gbé. Lẹ́yìn tí a dá ọba Èkó padà sórí ìtẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, 1851, Awùjalẹ̀ fi àrokò àlàáfíà ránṣẹ́ sí i. G. W. Bloxam ṣe àlàyé àrokò náà nínú ìwé àṣàrò ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887.

Ti àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ yàtọ̀ pátápátá. Gbangba ni ìlàrí máa ń rìn, pẹ̀lú orí tí a fá lápá kan, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba fúnra rẹ̀. Bí ìlàrí tó ń jẹ́ Màdárìkàn bá wọ ìlú, kí ó tó la ẹnu ni ìlú ti mọ ohun tí Aláàfin ní lọ́kàn. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé ìkọ̀kọ̀ nìkan ni àwọn baba wa fi ń ṣe ọ̀rọ̀ ìlú. Wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí a bo ọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a fi hàn. Ohun tí ọba kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó dá àdéhùn ṣe láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́.

Àwọn Ìránṣẹ́ ní Kírìjí

Àgọ́ Ìbàdàn wà nítòsí Igbájọ, ti Èkìtìparapọ̀ sì wà nítòsí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ránṣẹ́ sí ìjọba Èkó pé kí wọ́n wá bá òun parí ìjà náà. Ààrẹ Látòósà kò fọkàn tán Aláàfin, a kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí pé bí agbára Ìbàdàn bá dínkù, Ọ̀yọ́ ni yóò kọ́kọ́ jèrè rẹ̀. J. B. Wood, ajíhìnrere ìjọ CMS, gbìyànjú ìlàjà ní 1884 àti 1885, ṣùgbọ́n kò yọrí. Ìṣòro mìíràn tún wà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó, tí wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ilé, ní etí púpọ̀, àwọn ìwé ìròyìn Èkó pẹ̀lú sì ń tẹ ọ̀rọ̀ ogun náà jáde. Olórí ogun wo ni yóò sọ ní gbangba pé òun ti ṣe tán láti yọ̀ǹda nǹkan, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Látòósà kú ní 1885. Nígbà tó di 1886, Gómìnà Alfred Moloney yan àlùfáà méjì láti jẹ́ ìránṣẹ́, Samuel Johnson tó ń sìn ní Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips tó ń sìn ní Oǹdó. Wọ́n ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọba kan sí òmíràn àti láti àgọ́ sí àgọ́, wọ́n ń gbọ́ ohun tí oníkálukú ń béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. A gbà pé bí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní àgọ́ kan bá dé àgọ́ kejì bí a ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ogun náà ì bá tún gbóná sí i.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, 1886, àwọn aṣojú fọwọ́ sí àdéhùn ní Èkó. Èyí kò tó. Wọ́n tún gbé e padà lọ bá àwọn ọba àti ìjòyè nílé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, níwájú Higgins àti Smith tí Gómìnà rán wá, àwọn olórí ìhà méjèèjì pàdé ní pápá ogun, ní àárín àgọ́ méjèèjì, wọ́n kéde àlàáfíà lójú gbogbo ọmọ ogun. Lẹ́yìn náà ni iná sọ sí àgọ́. Ohun tí a bò fún oṣù púpọ̀ wá di ti gbogbo ènìyàn. Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Igbájọ dúró lábẹ́ Ìbàdàn. Aláàfin àti Ọwá di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́

Ìpín kan ló kọ̀ tí kò rọgbọ. Àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé ní ọ̀rúndún 19 ló tẹ Mọdákẹ́kẹ́ dó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀. Ifẹ̀, tí ogun ti tú, wà nínú Èkìtìparapọ̀, ó sì ń béèrè pé kí Mọdákẹ́kẹ́ kúrò. Àdéhùn náà gbà á: àwọn tó bá fẹ́ wà lábẹ́ Ìbàdàn yóò lọ sórí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, àwọn tó bá sì fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé yóò ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú náà kò gbọdọ̀ sí mọ́. Ìbàdàn nílò àlàáfíà, Ifẹ̀ nílò ilẹ̀ rẹ̀, ìjọba Èkó nílò ọ̀nà tó ṣí fún òwò. Ó dà bí ẹni pé gbogbo àwọn alágbára rí nǹkan gbà níbẹ̀. Àwọn tí a ní kí wọ́n di ẹrù wọn nìkan ni kò rí nǹkan gbà, wọn kò sì dì í. Nígbà tí àwọn aṣojú Gómìnà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n kọ̀ láti kúrò.

A lè ní ìyàtọ̀ èrò lórí ẹni tó ni ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò dá ẹjọ́ náà. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ọ̀nà kan náà tí ó fi ọgbọ́n mú àgọ́ méjì túká kò lè mú ìlú kan ṣí nípò. Olórí ogun lè pàṣẹ fún ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n ìyá tó ní ilé, oko àti ibojì ọmọ níbẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ àgọ́ kankan.

Ọdún 23 kọjá kí a tó tú Mọdákẹ́kẹ́ ká ní 1909, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tún padà ní nǹkan bí 1922. Ní 1997, lẹ́yìn tí ìjọba ológun dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ yóò wà. Ìjà tó tẹ̀lé e kò rọlẹ̀ títí di 2000, ó sì gba ẹ̀mí púpọ̀ ní ìhà méjèèjì.