Ẹrù Dídì Sínú Ọkọ̀ àti Ìwọ̀n Tí Ọkọ̀ Lè Rù ní Agbègbè Èjìgbò

Ẹrù dídì sínú ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà tí a bá ń to ẹrù àti èrò sínú mọ́tò, tí a ń wo ibi tí ó yẹ kí olúkúlùkù wọn wà, tí a ń so wọ́n kí wọn má baà ṣí nípò, tí a sì ń rí i pé àpapọ̀ wọn kò rékọjá ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà là sílẹ̀ fún un. Ní Èjìgbò, ìlú òrìṣà Ògìyán, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ẹdẹ, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Nítorí pé ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọkọ̀ lọ sí Àbíjàn, ìrìn tí ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, tí àwọn ará oko rẹ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn abúlé gbogbo sì ń kó iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti epo wọ ọjà, kò lè fi ojú kékeré wo ohun tí ọkọ̀ ń rù.

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí, orí ọmọ ènìyàn ni ọkọ̀ ẹrù, ọgbọ́n ìwọ̀n kò sì ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Alárùú tí yóò ru ẹrù láti Èjìgbò dé Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣàdédé ki orí bọ abẹ́ ẹrù: òṣùká ni yóò kọ́kọ́ ká, yóò fi í lé àtàrí, yóò bẹ ẹlòmíràn kí ó bá òun gbé ẹrù náà ka orí, yóò sì nàró fún ìgbà díẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀, kí ọrùn lè dá ẹjọ́. Bí ọrùn bá ní ó pọ̀, a ó sọ̀ ọ́, a ó yọ lára rẹ̀, a ó sì tún un dì. Ohun tí mọ́tò fi yàtọ̀ sí alárùú ni pé kò ní ọrùn tí ń dá ẹjọ́ ní gáréèjì. Ojú ọ̀nà ni ó ti ń dá tirẹ̀, nígbà tí ó bá sì dá a tán, ẹ̀pa kì í sábà bóró mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ọ̀nà tuntun ṣí fún ẹrù agbègbè yìí láti gba Ẹdẹ àti Òṣogbo jáde lọ sí Èkó. Àwọn lọ́rì Bedford àti Austin tí ó tẹ̀ lé e ní tiwọn kì í sábà bá ara wọn dé láti òkè òkun: ẹ́ńjìnnì àti férémù irin ni a ń rà, káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó sì ń fi pákó kan ara fún wọn. Pákó náà wúwo. Kí a tó ju àpò kòkó kan ṣoṣo sí i, ó ti jẹ nínú ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè rù, ṣùgbọ́n ta ni ó ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò? Bólẹ̀kájà tí a sọ àwọn kan nínú wọn ti tó ẹ̀rí fún bí a ti ń fún èrò mọ́ra: wọn a jókòó kojú ara wọn, orúnkún a máa gún orúnkún, ìjà a sì sún mọ́ ẹnu wọn ju ìkíni lọ.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n méjì tí ó yẹ kí a mọ̀: ìwọ̀n òfìfo rẹ̀, àti ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá nígbà tí ó bá kún. Ohun tí ó kù láàárín méjèèjì ni ẹrù rẹ̀, inú ẹrù yìí ni a sì ń ka dírẹ́bà, èrò, ọmọ ọwọ́, àpò gàrí, títí kan ewúrẹ́ tí a dè mọ́ bùútù. A máa ń kọ ọ́ sára bébà tàbí irin pẹlẹbẹ kan tí a lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, bébà náà ń sọ iye tí èrò àti ẹrù pa pọ̀ kò gbọ́dọ̀ jù lọ, ní kìlógíráàmù àti ní pọ́n-ùn. Lára èyí tí ó ti Yúróòpù wá, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà lórí ara wọn: èkínní ni ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, èkejì ni ti ọkọ̀ pẹ̀lú ohun tí ó bá ń fà lẹ́yìn, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni ohun tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gbé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ó wọn 1,250 kìlógíráàmù lófìfo, tí wọ́n sì ní kí ó má kọjá 1,720. Ẹrù rẹ̀ jẹ́ 470. Ní gáréèjì, “mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú” ni igbe tí a ń gbọ́. Bí a bá ka dírẹ́bà mọ́ wọn, ènìyàn méje ni, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá sì wọn 70 kìlógíráàmù, 490 ti pé. Ọkọ̀ náà ti rékọjá ààlà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bùútù.

Ojú kò mọ ìwọ̀n. Àyè ni ojú mọ̀. Báàgì Ghana-must-go, èyí tí a fi lílé tí a lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ní 1983 sọ lórúkọ, lè kún fún aṣọ, kí ó gba gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó má sì tó 20 kìlógíráàmù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tí ó rọra sùn sí igun bùútù jẹ́ 50. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa onílítà 25 tó nǹkan bí 23. Ọgọ́rùn-ún iṣu, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kìlógíráàmù mẹ́ta, di 300, bẹ́ẹ̀ ni Èjìgbò jẹ́ ìlú òrìṣà tí ń jẹ iyán, kò sì sí ẹni tí yóò ti oko bọ̀ nígbà iṣu tuntun tí yóò fẹ́ fi iṣu márùn-ún péré sínú ọkọ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: kìlógíráàmù mẹ́rin tàbí márùn-ún rẹ̀ ni ń di kìlógíráàmù gàrí kan, ẹni tí ó bá sì yan gàrí rẹ̀ lóko kí ó tó pe ọkọ̀ ti bọ́ ẹrù púpọ̀ lọ́rùn táyà láìmọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, mo dúró ti ọkọ̀ kan tí ó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti kó kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́fà àti àpò gàrí mẹ́ta sí bùútù, ìdérí bùútù kò sì lè dé mọ́, nítorí náà rọ́bà tíúbù ni wọ́n fi fà á mọ́ bọ́ńpà. Mo bẹ̀rẹ̀ wo òkè táyà ẹ̀yìn: àyè tí ó yẹ kí ó gba ìkúùkù ọwọ́, ìka kan kò lè wọ̀ ọ́. Iwájú ọkọ̀ náà gbé orí sókè bí àkùkọ tí ó fẹ́ kọ. Alábàárù tí ó di ẹrù náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nídìí, ó ní, “Bàbá, ẹ má wulẹ̀ fòyà, yóò balẹ̀ bó bá ti ń rìn.” Ẹrù kì í balẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, sípíríǹgì ni ó ń balẹ̀.

Ohun tí ó ṣe ọkọ̀ yìí ni ohun tí ń ṣe jáńgírófà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Gbogbo ẹrù tí ó bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn a máa tẹ ìrù mọ́lẹ̀, a sì máa gbé iwájú kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ táyà iwájú ni ó ń darí ọkọ̀, ọwọ́ wọn náà sì ni iṣẹ́ bíréèkì ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fúyẹ́, dírẹ́bà yóò yí ọwọ́, ọkọ̀ kò ní tètè dá a lóhùn. Lálẹ́, iná tí ó yẹ kí ó tàn sójú ọ̀nà yóò máa tàn sórí igi àti sójú ẹni tí ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìdí nìyí tí a fi ń ti ẹrù wíwúwo mọ́ ẹ̀yìn àga, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí àyè bá sì gbà, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Èyí tí ó fúyẹ́ ni a ń tò lé e, a kì í sì í tò ó ga ju ẹ̀yìn àga lọ. Ẹrù tí a kò so kì í mọ̀ pé bíréèkì ti dé: eré tí ọkọ̀ ń sá ni yóò máa bá lọ, orí ẹni tí ó jókòó níwájú ni yóò sì dúró sí. Ní ti òrùlé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọn kò yọ̀ǹda ju 50 sí 100 kìlógíráàmù lọ fún un, nítorí pé ẹrù òkè ní í bi ọkọ̀ ṣubú ní kọ́nà.

Táyà ní ìwọ̀n tirẹ̀, a sì kọ ọ́ sí i lára. Lára táyà tí ó jẹ́ 195/65R15 91H, 91 náà jẹ́ àmì pé 615 kìlógíráàmù ni táyà kan lè gbé. 88 jẹ́ 560, 95 sì jẹ́ 690. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ẹrù, rọ́bà kàn ń dì í mú ni. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ìwọ̀n náà ti dín. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó lábẹ́ ẹrù a máa tẹ̀, a sì máa nà, ìgbà tí ó ju 600 lọ ní ìṣẹ́jú kan bí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí, títí yóò fi gbóná láti inú, tí yóò sì bẹ́ lójú oòrùn. Àwọn dírẹ́bà kan wà tí wọn a ní kí fọganáísà dín afẹ́fẹ́ kù bí ẹrù bá pọ̀, pé ooru ọ̀nà yóò wú u. Òdìkejì ni ó tọ́, bébà ilẹ̀kùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sì sábà ń kọ iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ síbẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ti wúwo jù lọ fún ará Èjìgbò ni ọ̀nà Àbíjàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti ń ṣòwò lọ sí Gánà àti Côte d'Ivoire. Nígbà tí ìjọba Busia sì pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà sílé, ọ̀pọ̀ kọrí sí ìwọ̀ oòrùn lọ bá àwọn ẹbí tí ó ti wà ní Àbíjàn. Èdè Faransé kò sì ṣàjèjì lójà Èjìgbò mọ́. Ọkọ̀ tí ó bá gbéra níbẹ̀ yóò gba Sèmè wọ Kùtọnu, yóò gba Hilla-Condji wọ Tógò, yóò kọjá Lómé àti Aflao dé Accra, yóò sì gba Elubo àti Noé wọ Côte d'Ivoire: orílẹ̀-èdè márùn-ún, ẹnubodè mẹ́rin. A kì í sì í fi ọwọ́ òfìfo wọlé àjò. Ìyá yóò di èlùbọ́ fún ọmọ, àbúrò yóò fi ata gbígbẹ rán ẹ̀gbọ́n, aláṣọ yóò kó ọjà rẹ̀. Olúkúlùkù ní tirẹ̀ kò ju àpò kan lọ, díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Dírẹ́bà tí gbogbo àga rẹ̀ ti kún, tí ó tún ń wá owó ẹrù méjì mẹ́ta sí i kí ó tó gbéra, ẹran erin ni ó rù lórí tí ó ń fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀.

Fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, òfin wà lójú ọ̀nà náà. Ẹgbẹ́ UEMOA, tí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Côte d'Ivoire wà nínú rẹ̀, ṣe Òfin 14 ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2005 lórí ìwọ̀n, gígùn àti ẹrù ẹsẹ̀ ọkọ̀. ECOWAS, tí ó kó Nàìjíríà àti Gánà mọ́ ọn, gba irú rẹ̀ wọlé ní oṣù kejì 2012. Ọkọ̀ tí ó bá jù yóò san owó ìtanràn, yóò sì já àléékún ẹrù náà sílẹ̀. Mo rí i ṣẹ lẹ́ẹ̀kan, níbi òṣùwọ̀n kan lẹ́yìn odi. Obìnrin kan tí ó bá lọ́rì wá jókòó lórí àpò èlùbọ́ rẹ̀ mẹ́ta létí ọ̀nà. Kò gbọ́ èdè ibẹ̀, kò fẹ́ fi ẹrù sílẹ̀, lọ́rì kò sì gbọ́dọ̀ gbé e mọ́. Ó ti san owó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n tó gbéra, ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nítòsí.

Ọ̀nà pàápàá ń jẹ nínú ìyà náà. Ní Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, láti 1958 sí 1960, wọ́n wa lọ́rì lórí ọ̀nà ìdánwò lọ bọ̀ lọ bọ̀ láti mọ ohun tí ẹrù ń ṣe sí ọ̀dà. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ẹrù ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ ọ̀nà a máa súnmọ́ ìlọ́po 16. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀ lé agbégilódò kan lẹ́yìn òjò mọ ibi tí kòtò ti ń wá.

Ní 1977, nígbà tí Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, Wọlé Ṣóyínká dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù kejì 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀, Ṣóyínká náà ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni àpọ̀jù ẹrù lójú wọn, wọ́n sì ń dá ọkọ̀ dúró fún un. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ojú ọ̀nà ti pẹ́ jù. Gáréèjì ni ó yẹ kí a ti wọn ẹrù, òṣùwọ̀n tí àwọn tí ń ra kòkó fi ń wọn àpò sì tó fún iṣẹ́ náà.

Àwọn akunkọ̀ a máa fi ọ̀dà kun bébà ìwọ̀n bò nígbà tí wọ́n bá ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Ìwọ tí ń ka èyí, kí o tó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ́la, ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí o bẹ̀rẹ̀ wo òpó rẹ̀; bí ọ̀dà bá ti bò ó, rọra fi èékánná ha á títí nọ́ńbà náà yóò fi yọ, kí o sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọkọ̀ rẹ.