Àpá Tí Ojú Ń Gbà Wo Ayé

Bí egbò bá jinná, àpá rẹ̀ kì í jinná. Ọ̀rọ̀ ìjà àti èébú ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó bá ojú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì fún mu ju ìjà lọ, nítorí pé àpá tí ọ̀bẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíràn kì í rí i, ẹni tó ni ojú ló ń gba inú rẹ̀ wo ayé.

Kátáráàtì ni àìsàn tó ń sọ lẹ́ǹsì inú ojú, tó yẹ kó mọ́ bí omi, di funfun bí ògì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ló fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú àwọn tó ti tó ẹni ogójì ọdún sókè. Ọ̀nà ìyọkúrò rẹ̀ tí kò gba kí wọ́n fi òwú rán ojú ọgbẹ́ wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi: dókítà á la funfun ẹyinjú ní nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 7, á gbẹ́ ojú ọ̀nà tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ wọ inú kọ́níà, ìyẹn awọ dídán tó bo iwájú ẹyinjú, á gba ibẹ̀ yọ lẹ́ǹsì tó ti bàjẹ́, á sì fi ti oníke rọ́pò rẹ̀, agbára omi inú ojú ni yóò tẹ ètè ọgbẹ́ náà pọ̀.

Pé wọn kò rán an kò ní kí kọ́níà má yí padà. Ó yẹ kí ó yípo dọ́gba bí ẹ̀yìn igbá. Bí ìhà kan bá tẹ́ ju èkejì lọ, ìmọ́lẹ̀ kò ní pàdé lójú kan, èyí sì ni wọ́n ń pè ní astigmatism. Ìhà tí wọ́n bá là ló máa ń dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkè, ìtẹ̀ tó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni yóò tẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí pẹ̀lú ń fà á lọ síbẹ̀, tí ojú mìíràn fi ń yí díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan fi ń la ìhà ẹ̀bátí, kí àpá lè máa ta ko iṣẹ́ ọjọ́ orí.

Ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé ní Òṣòdì, l'Ékòó, pẹ̀lú irú ojú bẹ́ẹ̀ lè rí danfo láti òkèèrè, kí lẹ́tà ara rẹ̀ sì máa ní òjìji, danfo kò kúkú ní dúró dè é kó kà á tán. Gíláàsì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì Òṣòdì kò lè tún un ṣe, torí agbára kan náà ló ní yíká, nígbà tó jẹ́ pé ìhà kan ṣoṣo ló nílò àtúnṣe. Gíláàsì tó bá a mu ni èyí tí wọ́n wọn ìhà rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí ọgbẹ́ ti fìdí múlẹ̀, tí wọ́n sì tún wọ̀n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ní irú ibi bíi Guinness Eye Centre ti ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí Bọ́ládé.